Ẹrù Ìwé Wọ Brayndl Lọ́rùn

Ẹni tó bá ń gbé ìsàlẹ̀ ilé á mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé òkè. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni èmi àti Brayndl Zaltsman ti jọ ń gbé ilé kan ní Montreal, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Nígbà tára ẹ̀ ṣì le, kó-kó-kó, ó ti gun àtẹ̀gùn ìta dókè. Ní báyìí, ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ kan, ẹ ó dúró kẹ́ ẹ tó gbọ́ èkejì. Tó bá dé àárín, á gbé àpò ìwé sílẹ̀, á máa mí. Mo ti sọ fún un títí pé àwọn ìwé yẹn ló máa pa á. Ó ní nǹkan kan ṣáà gbọ́dọ̀ pa èèyàn.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nílé ìwé wa. Mendl ọkọ ẹ̀ kú, àwọn ọmọ ti lọ sí Toronto, lobìnrin yìí bá gba yunifásítì lọ lọ́mọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Digírì kejì ló lọ ṣe. Ní kí ni? Ní àṣà àwa Júù, ìwà ọmọlúàbí, àti èdè Yídíṣì. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Brayndl, èdè tí ìyá ẹ fi ń bú ẹ láti kékeré, ṣé o tún fẹ́ lọ sanwó kí wọ́n wá fi bú ẹ ni?"

Ó ní ìyá òun ti kú, kò sẹ́ni tó ń fi bú òun mọ́, ohun tó ń dun òun gan-an nìyẹn.

Ohun táwọn ọmọdé ń fọdún méjì ṣe, ó di ọdún kẹrin lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì nilé ìwé ti sún ọjọ́ síwájú fún un, wọ́n ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò sí. Tí ìwé àṣekágbá ẹ̀ ò bá wọlé ní ìparí oṣù kẹjọ, kó máa lọ sílé ẹ̀.

Lẹ́tà ló fi ń kọ ìwé ọ̀hún. Màmá arúgbó kan wà tí mo máa pè ní Khaye-Sore. Kì í ṣe orúkọ wọn o. Brayndl ní kí n sọ tòun bó ṣe wù mí, ṣùgbọ́n kí n bo àwọn tó kù láṣìírí. Màmá yìí fi gbogbo ayé wọn ránṣọ òtútù nílé iṣẹ́ aláṣọ. Kí wọ́n tó kú, wọ́n gbé páálí bàtà kan fún Brayndl, lẹ́tà Yídíṣì ló kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Wọ́n ní kó máa gbé e lọ, kó fi kàwé, pé àwọn ọmọ àwọn ò lè kà á, ìdọ̀tí ni wọ́n máa dà á sí.

Ọdún méjì ni Brayndl fi ka páálí yẹn. Ìkọ̀wé àwọn ìyá wa! Bíi kí èèrà já sínú yíǹkì kó sì máa rìn kiri ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè dá a dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán, á wá sọ̀ kalẹ̀ wá bi mí, èmi tí mi ò kàwé dé ibi kankan. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń pè báyìí nílé yín?" Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé èébú burúkú ni, kó má kọ ọ́ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀.

Oṣù kẹfà ló kan ìsàlẹ̀ páálí. Lẹ́tà méje wà níbẹ̀ tí wọ́n fi okùn dì pọ̀, kò sẹ́ni tó ṣí ọ̀kankan rí. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ti fi ọ̀bẹ la àkọ́kọ́, ó ti ka ìlà mẹ́ta, kó tó rántí wo ara àpò lẹ́tà náà. Orúkọ tó wà níwájú kì í ṣe Khaye-Sore. Malke ni, àbúrò wọn obìnrin. Lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa, ẹni tó kọ ọ́ fi àmì kan síbẹ̀.

Àwọn ìyá wa mọ àmì yẹn. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún táwọn àgbà ẹ̀sìn wa ti gégùn-ún pé ẹni tí kò ni lẹ́tà kò gbọdọ̀ ṣí i kà. Tí èèyàn bá ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, á kọ àmì ègún náà sẹ́yìn ẹ̀, ó dáàbò bò ó ju àgádágodo lọ. Brayndl mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Odindi orí kan ló kọ nípa ẹ̀ nínú ìwé ẹ̀. Òun náà ló wá fi ọ̀bẹ là á.

Tòun tọ̀bẹ ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Mo rò pé ó fẹ́ kí n bá òun pọ́n ọn ni. Ó jókòó, ó ní, "Ọkùnrin ló kọ wọ́n, ẹ̀gbọ́n, méjèèje. Malke ò fojú kàn wọ́n rí." Khaye-Sore, ẹ̀gbọ́n Malke, ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà, tó sì ń kó wọn pamọ́, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún sẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló wà nínú ìlà mẹ́ta yẹn. Ó ní kí n máa mu tíì mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹ̀, Tamar, ọmọ tí Brayndl lè bí, fúnra ẹ̀ wá sílé nígbà tó gbọ́ pé Brayndl ò fẹ́ ka ìyókù. Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn lókè, mi ò sì tètè kúrò níbẹ̀. Tamar ní Malke ti kú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kú, lẹ́tà méje yìí sì ni ẹran inú iṣẹ́ náà, egungun lásán ni orí tó kẹ́yìn láìsí wọn. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oṣù méjì péré ló kù."

Brayndl wò ó. "Ṣé kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí lẹ fi ń kọ́ wa níbẹ̀ ni?"

Tamar jẹun ẹ̀ tán. Ó wá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó wá ẹni tó ni ogún Malke, kó gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀.

Malke bí ọmọ kan, Toybe, ẹgbẹ́ mi ni, kò sì jìnnà sí wa. Ibi tó ti dìṣòro nìyí: Malke kú kékeré, Khaye-Sore yìí ló sì tọ́ Toybe dàgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Brayndl fi ń sọ pé òun á lọ lọ́la, tí ọjọ́ ń lọ. Nígbà tó sú mi, mo ní, "Gbé bàtà ẹ wọ̀. Tó bá lé wa, a ó padà sílé." A wọ bọ́ọ̀sì lọ nínú ooru oṣù keje.

Brayndl sọ gbogbo ẹ̀ fún Toybe, kò yọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Toybe ò lè ka Yídíṣì. Ó kó àwọn lẹ́tà náà, ó ń gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kó ka gbogbo ẹ̀ fún òun. Wọ́n lé mi jáde sí fàráńdà, mo ń wo ẹnu wọn látojú gíláàsì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, ẹsẹ̀ mi kú tipiri. Nígbà tí wọ́n ní kí n wọlé, ojú Toybe ti wú.

Ó ní, "Mo ti bá ìyá mi gbọ́ ohun tí wọn ò jẹ́ kó gbọ́. Àǹtí mi sì ló tọ́ mi, mi ò fẹ́ kí àwọn tí ò mọ̀ wọ́n máa dá wọn lẹ́jọ́. Ẹ dákun, ẹ má kọ ọ́ síbì kankan."

Brayndl ní, "Lẹ́tà yín ni." Ó dì wọ́n padà, ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì. A ò tíì kúrò níbùdókọ̀ kejì tó fi sùn lọ lé èjìká mi, tòun ti ẹnu yíyà.

Ìwé ẹ̀ wọlé kí oṣù kẹjọ tó parí. Ojú ewé mẹ́sàn-án péré ni orí tó kẹ́yìn. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ó tín-ín-rín jù, wọ́n bi í pé kí ló dé tó dáwọ́ dúró lójijì bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tí òun lágbára dé nìyẹn. Wọn ò lé e, ṣùgbọ́n wọn ò fún un ní digírì. Wọ́n ní kó lọ tún orí náà kọ, kó máa bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Yìnyín ti bo ìta báyìí, ó sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé àwọn arúgbó, ó ń wá màmá mìíràn tó ní lẹ́tà. Láàárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un, mo bi í bóyá kì í kábàámọ̀. Ká ní ó kọ lẹ́tà méje yẹn sínú ìwé ni, ì bá ti parí.

Ó bọ́ ìgò ojú ẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú. "Ó rẹ̀ mí ni, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ó kàn rẹ̀ mí ni."