Má-hunjọ Lọ Gbafẹ́ Lójú Òkun

Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé arúgbó kan fi orí kunkun pa ara rẹ̀ lára nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi lobìnrin náà. Mo mọ bó ṣe jẹ́, torí ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, yàrá mẹ́rìnlá lójúmọ́. Má-hunjọ lorúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, torí bó bá tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì tán, tó wá rí ibi tó hun jọ bíńtín, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, á tún un tẹ́. Ọ̀gá wọn a máa ní eṣinṣin tó bá bà lé bẹ́ẹ̀dì Má-hunjọ á yọ̀ ṣubú. Ó fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ kú, orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ kò sọ́jọ́ tó jí tí kò kọ́kọ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ bíi pé àlejò tó sanwó ń bọ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé kan! Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ilé oníyàrá méjì àti pálọ̀ kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ ló ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, ó ṣubú ní kíṣìnnì, ó forí gbá àpótí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, olùkọ́ ni, Tíṣà náà la sì ń pè é, ó ní ó tó gẹ́ẹ́: kí ìyá òun kó wá sọ́dọ̀ òun, kí wọ́n ta ilé náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kàkà kí kìnìún ṣe akápò ẹkùn, kálukú á ṣọdẹ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀rín pa mí. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín.

Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ní ó ti pẹ́ tó ti ń wu òun láti wọ ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń gbafẹ́ lójú òkun. Gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun fi tọ́jú àwọn tó ń gbafẹ́, òun náà á lọ, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, òun nìkan. Ó ní, “Bí mo bá fẹsẹ̀ ara mi lọ, tí mo fẹsẹ̀ ara mi bọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ títa ilé létí mi mọ́. Bí mo bá ṣubú, kí ẹ wá kó mi.” Tíṣà gbà. Èmi ni ẹlẹ́rìí wọn.

Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà. Kí ló dé tí mi ò ní wà níbẹ̀? Èmi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi láti ọdún mẹ́rin, mo mọ ohun tó ń sá fún. Ọmọ mi dáa o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo máa ń tọrọ àyè kí n tó ṣí fìríìjì. Bí mo bá wúkọ́, wọ́n á bi mí bóyá mo ti lo oògùn. Bí àlejò bá wá, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ mi bíi pé mi ò sí níbi tí mo jókòó sí. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ fún un.

Ó lọ. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pè mí. Wọ́n fi í sí tábìlì ẹni mẹ́jọ pẹ̀lú tọkọtaya mẹ́ta, àga kẹjọ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ẹni tó ń gbé oúnjẹ máa ń bi í bóyá ẹnìkejì ẹ̀ ṣì ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Mo ní kó máa retí ẹ̀. Ọdún kẹfà rèé témi náà ti ń retí ẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí.

Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà nínú yàrá rẹ̀. Ọ̀kan ló ń sùn sí, méjèèjì ló ń tẹ́. Ọkùnrin kan tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún ni wọ́n yàn láti máa tún ibẹ̀ ṣe, ara ẹ̀gbọ́n mi ò sì gbà á kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá máa palẹ̀ ẹ̀gbin òun mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní:

“Àbúrò mi, yàrá mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kó lé e lórí. Mo wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti wú. Mo ti fi káàdì tó ń sọ pé kẹ́nikẹ́ni má wọlé kọ́ ẹnu ọ̀nà mi. Mo ní kó má kanlẹ̀kùn mọ́, kó kàn máa fi tówẹ̀lì sílẹ̀, kó máa lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé afẹ́ lẹ lọ gbà ni àbí iṣẹ́?”

“O ò mọ nǹkan kan. Yàrá tí mo bá bá káàdì yẹn lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ láyé ọjọ́un, ńṣe ni mo máa ń súre fún ẹni tó wà níbẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, mo mọ òwe yẹn dáadáa, mi ò sì pa á fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó kúnlẹ̀ ní balùwẹ̀, ó ń fi tówẹ̀lì nu ilẹ̀. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Bó ṣe ń dìde ni ọkọ̀ fì, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Kò lè dìde, kò sì lè wọ́ dé ibi tí fóònù rẹ̀ wà.

Nígbà tó tó bíi wákàtí kan, ó gbọ́ kẹ̀kẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì kiri. Kẹ̀kẹ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ṣì já gaara nígbà yẹn, ó yẹ kó pariwo. Ó dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi: “Mo ní bí wọ́n bá fi lè bá mi nílẹ̀, ilé mi ti lọ nìyẹn. Mo ní mà á sinmi díẹ̀, mà á dìde.” Kẹ̀kẹ́ náà lọ. Ìgbà tó máa fi padà wá ní ọ̀sán, ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, ó ń pè, ohùn ò jáde.

Aago mẹ́fà lù, kò pè mí. Èmi pè é, fóònù dún títí, kò gbé e. Ó yẹ kí n pe Tíṣà lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ojú òkun ni, bẹ́ẹ̀ mo gbọ́ tí fóònù ń dún! Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé, bó bá jẹ́ pé orí ló ń fọ́ ọ lásán ńkọ́? Bí mo bá pariwo, ilé bọ́ nìyẹn. Láàárọ̀ Ẹtì, Tíṣà pè mí.

“Àǹtí, ṣé Màmá ti bá yín sọ̀rọ̀? Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e.”

“A sọ̀rọ̀. Ara wọn le.”

Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo pè é padà, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa. Kò bú mi, ó kàn gé fóònù. Ó pe àwọn ọlọ́kọ̀. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ń tún yàrá ṣe ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n ní ó sunkún bí ọmọdé.

Dókítà ní egungun kọ́ nìṣòro, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ó ní fífi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ fún ọgbọ̀n wákàtí ló ba ẹran ẹsẹ̀ náà jẹ́, ká ní wọ́n tètè rí i ni, ì bá tún rìn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ta ilé. Orí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn ló ti fọwọ́ síwèé. Kò jiyàn, kò sunkún. Àdéhùn ni àdéhùn.

Tíṣà ò sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo purọ́. Ó ní ẹnu mi ni wọ́n á ti gbọ́ ọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n mi ti dé kí n tó lè sọ ọ́, nínú yàrá ẹ̀yìn tí Tíṣà fi í sí nílé rẹ̀, níbi tí wíńdò ti kọjú sí ògiri aládùúgbò. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wo ògiri yẹn títí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bú mi.”

“Ká ní o pe Tíṣà nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ǹ bá bínú sí ọ títí mà á fi kú. Mi ì bá tí yà sí ilé tó o wà mọ́.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni ǹ bá fi máa bínú kiri.”

Ó ní òun fẹ́ lọ ilé ìyàgbẹ́. Mo gbìyànjú láti gbé e, agbára mi ò ká a. Ló bá fi ohùn kékeré kan tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀ pe ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́ wá gbé òun, tọ́wọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀. Ìyàwó náà dáhùn láti kíṣìnnì pé òun ń bọ̀. A jókòó, à ń dúró dè é.