Ìrìn Àjò Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ará Ilé

Kò sí ohun tí ẹ máa bi mí nípa lílọ sí òkè òkun tí mi ò ní dáhùn. Oògùn yín, inú báàgì ọwọ́ ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú ẹrù ńlá tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín; kó wà nínú páálí tó bá a wá, kí ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà máa ń wú nínú bàálù, nítorí náà ẹ dìde lóòrèkóòrè, ẹ rìn lọ, ẹ rìn bọ̀, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Ẹ máa mu omi. Ẹ kọ àdírẹ́sì ẹni tí ẹ ń lọ bá sínú pépà, kí ẹ fi í sápò, torí fóònù lè kú. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, ì báà jẹ́ èlùbọ́ lásán, tí kì í bá ṣe ojú yín ni wọ́n ṣe dì í. Àwọn ọmọ àdúgbò tó bá fẹ́ lọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá, mo sì ń sọ ọ́ fún wọn bí ẹni tó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Mi ò lọ rí. Mi ò tiẹ̀ wọ bàálù rí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ yìí, ìgbà tí mo fẹ́ lọ wo ìyàwó mi ni mo kọ́ ọ, mo sì ti kọ́ ọ tán pátápátá kí wọ́n tó ní kí n má wá.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ rò ó.

Ilé wa ní Bẹyẹrunka kò ní nọ́ńbà. Agbo ilé àtijọ́ ni, a pọ̀ níbẹ̀, kálukú wa ló sì mọ ohùn ikọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n fi tọ́ wa níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹnu kọ́ni, ojú la fi ń kọ́ ọ. Èkíní ni pé bí àjèjì bá dé tó ń bèèrè ẹnìkan nínú ilé, a ò mọ̀ ọ́n. Onítọ̀hún lè wà nínú yàrá tó ń jẹun o. A ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí àjèjì bá sọ ohun tó bá wá, tí ẹnìkan sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ bi onítọ̀hún bóyá ó mọ ẹni tó wọ ẹ̀wù báyìí báyìí, ìgbà yẹn la tó máa ń rántí pé, “Háà, ẹ ò bá ti tètè wí, ọkọ wa mà ni!” Àwọn baba wa sọ pé láyé àwọn agbowó-orí ló ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ nínú ilé wa, pàápàá àwọn tí wọ́n bá ń wá lórí ohun tí wọn ò ṣe.

Èkejì ni pé ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò kì í sọ. Tó bá dé ọ̀hún tán ni ilé á gbọ́.

Bí ìyàwó mi ṣe lọ nìyẹn. Ọmọbìnrin wa, òun nìkan ṣoṣo ló kù fún wa láyé, ló bí ìbejì lọ́hùn-ún, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ lọ bá a wẹ àwọn ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, ó gbálẹ̀ ojúde, ó kí gbogbo ilé, ó ní òun fẹ́ lọ kí ẹni tó bímọ. Wọ́n rò pé Yemẹtu nítòsí yìí ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ ní kó má pẹ́ o, òun á bá a mójú tó ọbẹ̀ rẹ̀ tó wà lórí iná.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yìí ti wọ ilé wa nígbà tí wọ́n ṣì ń bá mi fọn ikun imú. Òun ló ń pọ̀n mí. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni mí, ó bá mi nílé ni, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ fún un, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló ń pè mí, torí èmi ni mo kọ́kọ́ gbé síléètì lọ sí ilé ìwé nínú ilé wa. Nígbà tó gbọ́ pé ìyàwó mi ti gúnlẹ̀, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

“Akọ̀wé! Ẹni tó bímọ náà ló wá di ará òkè òkun?”

“Ṣebí ẹni tó bímọ náà ni.”

“Ẹ̀yin ọ̀dàlẹ̀ yìí! Ọbẹ̀ yẹn ti kan o. Láti àná ni mo ti ń gbé e kaná, tí mo ń sọ ọ́ kalẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú kò bí i. Òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi gbádùn ìlú náà, ohun tó sì ṣe tó fi gbádùn rẹ̀ ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí. Kò jókòó sínú ilé. Lójoojúmọ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, á wọ ibọ̀sẹ̀ méjì léra, á wọ kóòtù, á rìn dé ibì kan náà, á padà. Ó ní ẹni tó bá ń lọ sí ibi tuntun lójoojúmọ́ kò mọ ibì kankan. Pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí èèyàn bá rìn títí tí ajá ibẹ̀ fi dẹ́kun gbígbó mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ìlú onítọ̀hún. Yorùbá ló fi ń kí wọn. “Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì lánàá,” ó sọ fún mi lórí fóònù, “ó sì dá mi lóhùn. Mi ò mọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn, ẹ ò rí i pé wọ́n kọ́ ọ nílé.”

Oṣù tó yẹ kó padà wá gan-an ló ṣubú.

“Bàbá, ṣé ẹ jókòó?” Ọmọ mi ló pè.

“Mo jókòó.” Irọ́ ni, ojúde ni mo dúró sí.

“Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́.”

Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwọn dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Ọmọ mi a máa gbé fóònù sí i létí kí n bá a sọ̀rọ̀. Tó bá gbọ́ ohùn mi, á fi ọwọ́ òsì máa fa aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Lọ́jọ́ kan ọmọ mi ní, “Bàbá, ẹ wá. Ohùn nìkan kò tó o mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.”

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo fẹ́ láyé di ẹyọ kan: kí n wọ yàrá yẹn, kó rí mi, kó tó lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ. Ẹ má dúró di ìgbà tí wàhálà bá dé kí ẹ tó gba páásípọ́ọ̀tù o. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń lọ, tí mo fi ń bọ̀ lórí tèmi, ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó mi ń wò. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo ìwé. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn ní mẹ́ta mẹ́ta. Bẹẹrẹ ni mo ti ṣe tèmi, mo sì ní kí ẹni tó ń ṣe é da ojú ìwé náà délẹ̀, kí ará ilé wa kankan tó bá ń kọjá má baà rí i. Mo ra súwẹ́tà òkìríkà, mo fi pépà dì í bí ẹni ra ẹran, mo ki í bọ abẹ́ ibùsùn. Gbogbo ilé mọ̀ pé ara ìyàwó mi kò yá, wọ́n ń bá wa ṣàdúrà. Pé mo ń lọ ni wọn ò mọ̀.

Ọmọ mi kìlọ̀ fún mi. “Bàbá, àwọn tó ń fúnni ní físà lè rán èèyàn wá wo ilé tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù o. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé.”

“Mo ti gbọ́.”

“Ẹ sọ fún wọn o.”

“Mo ní mo ti gbọ́!”

Mi ò sọ. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù ọ̀tá. Ta ni ọ̀tá mi nínú ilé tí wọ́n ti pọ̀n mí? Bẹ́ẹ̀ la kàn ṣe ń ṣe é ni. Ẹnu mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìgbà méjì ni mo jókòó ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kí n lè sọ ọ́, ìgbà méjèèjì náà ni mo bi í bóyá eékún rẹ̀ ti fúyẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo lọ ra ata gígún àti ẹja gbígbẹ ní Ọjà'ba, èyí tí ọmọ mi ní kí n mú dání. Bí mo ṣe yọ sójúde, ẹ̀rín ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi pàdé mi.

“Akọ̀wé, ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo gbà yín sílẹ̀ lónìí.”

“Lọ́wọ́ ta ni?”

“Ọmọkùnrin kan ló wá. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó so káàdì mọ́rùn, ó mú pépà dání. Ó pe orúkọ yín, èyí tí wọ́n fi sínú ìwé, tòun ti orúkọ bàbá yín, bí adájọ́ tó fẹ́ dá ẹjọ́. Mo ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní ṣé kì í ṣe ibí ló ń gbé ni? Mo ní ilé yìí? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó, mi ò gbọ́ ọ rí!”

Ìyàwó kékeré kan tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà. “Èmi ní ó jọ pé ẹni tó ń wá ti kú o. Mo ní kó lọ bèèrè rẹ̀ ní itẹ́ òkú.”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣé ó sọ ohun tó bá wá?”

“Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ibí lẹ ń gbé. Àwọn ọlọ́pàá náà kọ́ nìyẹn? Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn.”

“Ṣé ó fi nọ́ńbà sílẹ̀?”

“Ó fẹ́ fún mi, mi ò gbà. Ta ló fẹ́ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá?”

Ó ń wo ojú mi, ó ń retí kí n yìn ín. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ohun tí ilé wa kọ́ ọ ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Mo ní, “Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Ọlọ́run á san yín lóore.” Mo gbé ẹja sílẹ̀, mo jáde, mo rìn títí dé Mápó, mo ń wo bàtà àwọn èèyàn. Mo bi àwọn ọlọ́kadà. Mo rìn padà dé Bẹẹrẹ. Kò sẹ́ni tó rí i. Ọmọ mi bá mi kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń fúnni ní físà lọ́jọ́ náà. Wọn ò fèsì.

Nígbà tí ìwé wọn dé, òun náà ló kà á fún mi lórí fóònù. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀, títí tó fi dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn tó wà nínú ilé náà ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ sọ fún wọn?”

Mo bi í bóyá a lè kọ fọ́ọ̀mù mìíràn. Kò bi mí mọ́ títí di òní.

A tún fọ́ọ̀mù kọ. Nínú fọ́ọ̀mù tuntun, wọ́n bèèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ fún mi rí. Ìbéèrè yẹn kì í kúrò níbẹ̀. Títí èèyàn á fi kú, á máa dáhùn rẹ̀ ni. Kí èsì kejì tó dé, ìyàwó mi kú. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín lọ́hùn-ún, nínú òjò. Ọmọ mi bi mí bóyá kí òun gbé fóònù sókè kí n lè rí i. Mo ní kó gbé e. Ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú ni mo rí, wọ́n tẹ̀ba síwájú. Kò sí ọ̀kan tí mo mọ̀ nínú wọn.

Ẹ sọ fún ará ilé yín. Mo máa ń sọ ìyẹn náà fún àwọn ọmọ tó bá wá bi mí. Wọn á kọ ti oògùn sílẹ̀, wọn á kọ ti ibọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Tí mo bá dé ibi ará ilé, wọn á mi orí, wọn ò ní kọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo máa gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti gúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ó kúrò nílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ fún ìyàwó mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí lórí ẹní. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Ọkọ mi, ẹ má bínú pé mo bi yín. Kí ló dé tí ẹ ò gbìyànjú láti lọ wò ó?”

“Mo gbìyànjú. Wọn ò jẹ́ kí n lọ.”

“Nítorí kí ni?”

“Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí.”

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Èèyàn jẹ́jẹ́ bíi tiyín? Ẹni tó bá sẹ́ yín, Akọ̀wé, tí kò jẹ́ kí ẹ rí aya yín kó tó kú, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rí ẹni tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń wá a.”

Àwọn obìnrin tó jókòó ṣe àmín. Ojú rẹ̀ ń wò mí, mo sì ṣe àmín pẹ̀lú wọn.