Ọjọ́ Tí Gbogbo Onípáànù Sáré

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, tí gbogbo ènìyàn ń yọ̀, ọdún yẹn gan-an ni oorun kọ̀ mí sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń jẹun ti kógbá sílé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àjà ni mo máa ń wò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nọ́ọ̀sì kan yẹ̀ mí wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n máa sáré láràárọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ á rọlẹ̀, màá sì rí oorun sùn.

"Sáré kẹ̀? Àgbà kì í ṣàdédé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò lé ejò, ejò ń lé e. Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Ìyàwó mi tí mo sọ ọ́ fún ò rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wọ bàtà kánfáàsì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Dádì, ẹ dìde. Mi ò fẹ́ di opó."

A gbéra láti Fọlá Àgòrò. Kí a tó yọ sí títì, àyà mi ti ń lù kì-kì-kì, orúnkún ń bú mi. Inú bí mi, mo fẹ́ẹ́ padà, ṣùgbọ́n obìnrin yìí wà lẹ́yìn mi, ó ń pariwo: "Ẹ sáré! Ẹ má dúró o!"

Èkó nìyí o! Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ní Onípáànù rí àgbàlagbà tó ń sá bọ̀ tikùn-tikùn, wọ́n tún gbọ́ "Ẹ sáré!" Ta ni yóò dúró béèrè? Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Oníbúrẹ́dì gbé àtẹ. Ọkùnrin kan tí onígbàjámọ̀ ń fá lórí dìde pẹ̀lú ààbọ̀ irun, ó kọrí sí Fádèyí. Ó bá mi lọ́nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń lé wa?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

Ó dúró, ó wò mí. "Ẹ̀jẹ̀ kí ni?"

Ẹ̀rín pa mí! Mo jókòó sétí títì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Nígbà tí àwọn tó sáré gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n bú wa dáadáa, àgbàyà lọ́tùn-ún, àgbàyà lósì, ṣùgbọ́n àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Òógùn bò mí, ara mi fúyẹ́, ebi gidi sì ń pa mí.

Nígbà tí a délé, mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, mo fẹ̀yìn ti àga. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó lajú. Ìyàwó mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi, ó na ìka sábẹ́ imú mi, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan," ó ní. "Ẹ ti ń sùn láti àárọ̀. Mo ní kí n wò ó bóyá ẹ ṣì ń mí."