Ìpè Tó Wà Láàárín Orin Kẹta àti Ìkẹrin

Orin gìtá òyìnbó tí kò sẹ́ni tó ń kọrin nínú ẹ̀ ni Fẹ́yìsayọ̀ máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, látàárọ̀ dalẹ́. Òun ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú. Èmi Sikirat ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò mọ gìtá ta, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án rí. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí gìtá yóò ti gòkè, ó mọ ibi tí ìlù yóò ti dákẹ́ kí gìtá lè dá sunkún, tó bá sì débẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á dúró lórí bọ́tìnnì. Ó ti sọ àwọn orin náà lórúkọ fúnra ẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìyá Arúgbó Ń Gun Òkè, òmíì ń jẹ́ Ẹ Má Tíì Lọ.

Mo bínú títí. Mo ní, “Ṣé kò sí orin tó lọ́rọ̀ nínú ni? Àwọn oníbàárà á rò pé a ń ṣọ̀fọ̀.”

Á ní, “Ìyá Kifayat, ẹ máa ránṣọ yín.”

Lọ́jọ́ kan tójò dí wa mọ́ ṣọ́ọ̀bù ló tó là á yé mi. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, Bólúwadúró, ló ní kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn orin náà wà nínú ẹ̀ nílé wọn ní Iléṣà, ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Tó bá fẹ́ da orin kọ, á gbé rédíò méjì kọjú síra, ọ̀kan ń kọrin, èkejì ń gbà á sílẹ̀, gbogbo ilé á sì pa rọ́rọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń da orin kọ, bí orin kẹta ṣe parí, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó sáré pariwo: “Fẹ́yìsayọ̀! Gbé omi wá fún mi!” Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Fẹ́yìsayọ̀, ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bínú pé ẹ̀gbọ́n òun kò fẹ́ mú òun lọ sí Òṣogbo. Ó gbọ́, ó kọ etí ikún sí i. Kó tó jí lọ́jọ́ kejì, Bólúwadúró ti wọkọ̀. Ọkọ̀ náà kò dé Òṣogbo.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fẹ́yìsayọ̀ tan kásẹ́ẹ̀tì náà. Orin kẹta parí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pè é láti inú kásẹ́ẹ̀tì. Ó ti ń lanu láti jẹ́ ẹ kí ìyá ẹ̀ tó fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

“A kì í jẹ́ ìpè òkú! Ṣé o fẹ́ tẹ̀lé e ni?”

Látìgbà náà, tí ìpè yẹn bá ti dé, á fẹyín mú ètè. Òun ti lé lógójì ọdún, síbẹ̀ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣì ń bèèrè omi lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí orin kẹta bá ti ń parí, ẹsẹ̀ mi á kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, èmi náà á máa fẹyín mú ètè.

Nígbà tó di ọdún yìí, ohùn kásẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Fẹ́yìsayọ̀ gbé e lọ bá Akeem tó ń kó orin sínú fóònù ní Old Garage. Ojú tì í láti sọ̀rọ̀ òkú fọ́mọ ọlọ́mọ, ó kàn ní, “Jọ̀ọ́, bá mi ṣe é dáadáa.”

Akeem ṣe é dáadáa lóòótọ́. Ó ní, “Àǹtí, kásẹ́ẹ̀tì yín ti já, àmọ́ mo ti gba gbogbo orin ẹ̀. Ẹnì kan ń pariwo láàárín orin kẹta àti ìkẹrin. Mo ti bá yín gé e dànù.”

Fẹ́yìsayọ̀ kò sunkún nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́. Orin kẹta rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀ tó ń wá ibi jókòó, ó parí. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Mo ti fẹyín mú ètè kí n tó rántí pé kò sí ohun tó ń bọ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ bá dìde. Ohùn ọmọdé ló jáde lẹ́nu ẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀n, bọ̀dá mi! Mò ń bọ̀!”

Ó bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì mi sínú ife, ó gbé e síwájú fóònù. Orin kẹrin bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ fún un pé a kì í jẹ́ ìpè òkú. Ṣùgbọ́n ta ló pè é?

Nígbà tá a fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, omi náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí n bá òun dà á nù. Mi ò lè dà á nù.