Bí Mo Ṣe Fi Orúkọ Háyà ní Agbowó

Orúkọ méje ni mo ti rà sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ojú mi tó là. Orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ sórí fóònù kí wẹ́ẹ̀bù tó ṣí ni mò ń wí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí mo sì ń bá àwọn oníṣòwò ṣe wẹ́ẹ̀bù. Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń ra irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pamọ́, tí wọ́n á sì tà á lówó gọbọi fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Ni mo bá jókòó, mo ń ro èyí tó dùn létí: Òrùlé Ayọ̀, Ibùgbé Ìtura, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọọdún ni mo ń sanwó kí wọ́n má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó pè mí rí. Ọkọ mi, tó ń ṣe káfíńtà ní Àpáta, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ta ló tiẹ̀ ń wá Òrùlé Ayọ̀?" Inú bí mi.

Ìyá kan wà tó máa ń wá tẹ ìwé lọ́dọ̀ mi. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀; nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n di ejẹ́ǹtì, wọ́n ń bá èèyàn wá ilé. Ará Ṣakí ni wọ́n, ohùn wọn sì máa ń ga bíi pé inú kíláàsì ni wọ́n ṣì wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ ìwé ìpolówó.

"Kọ ọ́ kó tóbi dáadáa: Ilé Ìgbàlódé fún Akẹ́kọ̀ọ́."

Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ibi tí self-con wà ní àdúgbò yìí?"

Yàrá kan tó ní balùwẹ̀ àti kíṣìnnì tirẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyá ejẹ́ǹtì ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi. Ó yá, tẹ̀ lé mi." Wọ́n jáde, ó wá ku èmi àti ìwé ìpolówó. Ilé Ìgbàlódé fún Akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ yẹn ò pè é bẹ́ẹ̀!

Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń wo iye ìgbà tí àwọn èèyàn ń wá ọ̀rọ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù. Mo tẹ Òrùlé Ayọ̀: òdo. Ibùgbé Ìtura: òdo. Mo tẹ méjèèje tán, òdo ni gbogbo wọn. Mo wá tẹ "self-con Ibadan". Ìlà ojú kọ̀ǹpútà gòkè fíofío. Mo pariwo débi pé obìnrin tó ń ta ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sáré wọlé, ó rò pé iná gbé mi.

Ṣé ẹnikẹ́ni ò tíì ra orúkọ yẹn? Mo wò ó, ó ṣì wà nílẹ̀! Mo tẹ nọ́ńbà káàdì mi, nẹ́tíwọ̀kì dá. Mo tún un tẹ̀, ó tún dá. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíì kan wà níbì kan tó ń tẹ nọ́ńbà tiẹ̀ náà. Mo gbá kọ̀ǹpútà mọ́ra, mo fò sórí ọ̀kadà.

"Bódìjà! Ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà!"

Ọlọ́kadà ní, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́sítọ́ọ̀pù wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Bódìjà ni mo ti rí i rà. Bí orúkọ náà ṣe di tèmi, mo jó yí tábìlì wọn ká.

"Kí lo rà, mọ́tò?"

"Ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹ̀gbọ́n mi!"

Mo fi orúkọ náà ṣe wẹ́ẹ̀bù, mo kó àwòrán àwọn yàrá tó wà lọ́wọ́ ìyá ejẹ́ǹtì sórí rẹ̀, mo fi nọ́ńbà wọn sí i. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, fóònù wọn ò sinmi mọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Bódìjà àti Challenge kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ ra orúkọ náà. Ìyá ejẹ́ǹtì ní àwọn ò ní jẹ́ kí n dá lọ.

Ilé oúnjẹ kan ní Ring Road la ti pàdé.

"Orúkọ lásán ni," ọkùnrin náà wí. "Mo lè ra òmíràn."

Mo tẹ́ ìwé tí mo ti tẹ̀ jáde síwájú wọn. "Èmi náà ti ra òmíràn, sà. Méje. Ẹ wo iye èèyàn tó ń wá wọn."

Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tí yunifásítì bá wá lọ ìsinmi ńkọ́?"

"Ó máa ń lọ sílẹ̀, sà, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń gòkè padà nígbà tí wọ́n bá wọlé."

Wọ́n wá dárúkọ iye owó kan tó ju ohun tí ṣọ́ọ̀bù mi ń pa lọ́dún kan lọ. Mo fẹ́ sọ pé mo gbà, ni ìyá ejẹ́ǹtì bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," wọ́n wí, "ṣé ẹ máa ń ta họ́sítẹ́ẹ̀lì yín fún ẹni tó bá fẹ́ gbébẹ̀ ni?"

"Rárá o, mà. Mo ń fi háyà ni."

"Kí ló wá dé tí ọmọ mi á fi ta tiẹ̀? Ojú títì ni tiẹ̀ wà. Iwájú ẹ̀ ni gbogbo ọmọ tó ń wá yàrá ní Ìbàdàn ń gbà kọjá. Ẹ san ti ọdún kan, kẹ́ ẹ máa lò ó."

Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, wọ́n họrí. "Ìyá, ẹ ti ṣe tíṣà rí, àbí?"

Wọ́n gbà. Fọ́ọ̀mù ayálégbé ìyá ejẹ́ǹtì la fi ṣe àdéhùn. A kàn fi "orúkọ" rọ́pò "yàrá" ni. A gbàgbé láti yọ ibi tó ní ayálégbé ò gbọdọ̀ sin ewúrẹ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà kà á, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, ìyá ejẹ́ǹtì na ọwọ́ sí mi: "Kọmíṣọ́ọ̀nù mi dà?" Mo rọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn.

Mo wọ takisí lọ sí Àpáta lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi ń rẹ́ pákó lọ́wọ́, ó pa ẹ̀rọ.

"Mo ti fi orúkọ háyà," mo wí.

"Orúkọ? Háyà?" Ó jókòó sínú ìyẹ̀ igi. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó tún ní kí n tún un sọ.