Ohùn Bísí Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Kérésì

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́ o. Lọ́sàn-án gangan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Sabon Gari, ojú mi sì dá ṣáká.

Orin ni mo ń dà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn èèyàn láyé ìgbà náà. Lọ́dún kan, bí ọyẹ́ ṣe ń mú, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Àládùúrà kan gbé orin Kérésì wá. Orin tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré ni, àmọ́ wọ́n fi gìtá fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìba díẹ̀ tí ará ìjọ máa rà ni wọ́n ní kí n ṣe.

Bísí, ọ̀kan nínú wọn, ló yẹ kó lé orin náà. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí kí wọ́n tó gba orin náà sílẹ̀, ọmọ yè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, gìtá nìkan ló ń dún níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Kò sí ohùn obìnrin nínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé wá. Nínú èyí tí mo dà kọ, ohùn obìnrin wà. Mo fi òwú nu ojú ẹ̀rọ, mo tún un dà kọ. Ohùn náà ò lọ.

Olórí ẹgbẹ́ gbọ́ ọ, ó bú sẹ́kún. Òun ló lọ sọ fún ìyá Bísí, tó ń ta aṣọ ní ọjà Kantin Kwari. Ìyá náà dé tòun ti ọmọ Bísí lẹ́yìn. Ọmọ náà ò tíì lè jókòó.

"Haba, Bàbá Ṣadé, ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn ọmọ mi. Don Allah, ẹ ṣe é nítorí Ọlọ́run."

Mo rọra bi í pé, "Bó bá pè yín ńkọ́?"

"Mi ò ní dáhùn. A kì í jẹ́ ìpè òkú. Ta ni mo fẹ́ fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún?"

Mo ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́. Bísí kọrin. Àánú ìyá náà ṣe mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Nígbà tí gìtá dákẹ́, ohùn náà ní, "Màámi."

Ìyá Bísí ki etí ìró tó ró bọ ẹnu, ó deyín mọ́ ọn. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, obìnrin náà ò dáhùn.

"Màámi, ẹ ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́," ni ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn wí, ketekete.

Kérésì ò tíì dé tí ìyá Bísí fi gbé ọmọ náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá bi àwọn ará ìlú rẹ̀ tó wà ní àdúgbò Hotoro léèrè ọmọ náà, ṣe ni wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ dà.

Àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan ti wọ ìgboro kí n tó lè gbà wọ́n pa dà. Bó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọdé kúrò nítòsí rẹ̀. Àgbà lè pa ẹnu mọ́. Ọmọdé ò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìpè là ń jẹ́.