Òkè Tí Dádì Gùn Nítorí Mi

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé nínú gbogbo ilé wa, èmi ni akọni tó ń gun òkè jù. Òkè wo? Àtẹ̀gùn fúláàtì wa ní Becontree Heath, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni o, lọ́jọ́ tí lífìtì bá bàjẹ́. Màá sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dókè, màá di irin mú, màá máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé mọ́tò. Mo ti fi yunifásítì sílẹ̀ nígbà yẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n sùn, kí n jí, kí n ṣí fìríìjì wò bóyá nǹkan tuntun ti wọbẹ̀ látìgbà tí mo wò ó kẹ́yìn. Ẹni bá bi mí, mo máa ń ní mo kàn ń sinmi díẹ̀ ni. Kí ló rẹ̀ mí? Kò sẹ́ni tó mọ̀, èmi náà ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn ló gbé wa dórí òkè gidi. Àwọn alàgbà ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun tó ń ṣe ìsìn nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù táyà ní Dagenham, ti gbàdúrà fún mi títí ohùn wọn fi há. Wọ́n tan àbẹ́là yí mi ká, mo sì sùn lọ lórí eékún láàárín ẹ̀. Nígbà tó sú wọn, alàgbà kan sọ fún Dádì pé ọ̀rọ̀ mi ti kọjá ilẹ̀ẹ́lẹ̀, orí òkè ni kí wọ́n gbé e lọ. Ní Èkìtì tí wọ́n bí Dádì sí, ìyẹn ò le rárá, ẹ̀yìnkùlé wọn lòkè wà. Ṣùgbọ́n Dagenham tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Dádì wá òkè lórí fóònù títí, ó wá rí ọ̀kan lápá àríwá lọ́hùn-ún, ilẹ̀ gbalasa tí kò ní igi, tó jẹ́ koríko, ẹrẹ̀ dúdú àti òkúta nìkan, níbi tí àwọn òyìnbó máa ń kó ọmọ àti ajá lọ ní wíkẹ́ńdì láti rìn kiri láìsí ibi tí wọ́n ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹsẹ̀ Dádì ná. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Dádì. Ẹsẹ̀ tó ń tẹ bíréèkì yẹn ló ń bọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n àìsàn súgà ti pa àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù mọ́. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ lásán rìn, ì báà jẹ́ nínú pálọ̀. Nínú ìjọ wa sì rèé, ẹni bá ti wọ sùtánà, kì í wọ bàtà. Nítorí náà, bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Mọ́mì á jókòó sílẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ ọkọ ẹ̀ lé itan, á tan iná fóònù sí i, á máa wò ó fínnífínní bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Èmi á wá bi í pé, “Mọ́mì, ṣé ó páàsì?” Mo kàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

A kúrò nílé láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Sátidé kan. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni Dádì gbà, kò mu omi. Mọ́mì ti bá a ṣàdéhùn pé bàtà ò ní kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀ títí dórí òkè. Tó bá débẹ̀, á wọ sùtánà, á dúró lórí ẹní, á gbàdúrà, á bọ́ sùtánà, á wọ bàtà padà. Àbúrò mi obìnrin, tó fi ìdánwò sílẹ̀ wá nítorí mi, ò sọ̀rọ̀ títí a fi rí òkè náà.

“Dádì, ṣé ẹ rò pé bọ̀ọ̀dá yìí lè gun èyí? Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ nìkan ló ti gùn rí.”

Òótọ́ ló sọ. Àgùntàn ń kọjá lára mi. Dádì tó ń gbààwẹ̀ wà níwájú, èmi tí mo ti jẹ búrẹ́dì ní bòókẹ́lẹ́ nínú mọ́tò wà lẹ́yìn pátápátá.

Lókè, atẹ́gùn ò jẹ́ kí àbẹ́là tàn. Dádì wọ sùtánà, ó gun orí ẹní, ó lu agogo, ó wá ń pariwo orúkọ mi sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tọ́mọ ẹ̀ sọnù lọ́jà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń wá ò jẹ́. Ọ̀rọ̀ dùndú ànàmọ́ ló wà lọ́kàn mi.

Òjò dé, ìkùukùu sì bo gbogbo ilẹ̀. Mọ́mì na bàtà sí i. “Dádì wọn, ó tó, ẹ wọ̀ ọ́.”

“Má bọ́ aṣọ lọ́rùn mi. Mo ṣì wà nínú ẹ̀mí. Ìsàlẹ̀ la ti máa ṣe ìdúpẹ́.”

Ó kúrò lórí ẹní, ó tẹ òkúta, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń kọrin. Òkúta yẹn mú bí abẹ. Mọ́mì ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń kígbe, “Dádì wọn, ṣé kò dùn yín ni?”

“Kò dùn mí rárá! Bíi pé orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo wà!”

Mọ́mì dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ló kígbe halelúyà. Obìnrin tó ń yẹ ẹsẹ̀ yẹn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ yẹn ó gbàgbé ìdí tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ìyanu ni. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ayọ̀. Èmi tí mi ò gba nǹkan kan gbọ́, gbogbo ara mi bù máṣọ. Mo rò pé bóyá Ọlọ́run ti gbọ́ orúkọ mi lóòótọ́.

Òyìnbó kan àti ajá ẹ̀ pàdé wa. Ó wo ẹsẹ̀ Dádì, ó bi mí bóyá bàbá yẹn ò ní bàtà ni.

Mo ní, “Ó ní. Mọ́mì mi ló gbé e dání.”

Dádì ló wa mọ́tò. Kò pẹ́ tá a wọ ọ̀nà ńlá, ó ń rojọ́ pé ta ló da omi síbi bíréèkì, pé ẹsẹ̀ òun ń yọ̀. Mọ́mì tan iná fóònù sísàlẹ̀. Kì í ṣe omi.

Ní ọsibítù, wọ́n kọ́kọ́ gé ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ méjì. Nígbà tí egbò ò san, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kúrò lábẹ́ orúnkún, èyí tó ń tẹ bíréèkì. Àwọn ará ìjọ ń wọ́ wá pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, lẹ́yìn náà wọn ò wá mọ́. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lọ. Mọ́mì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Longbridge tọ̀sán-tòru, èmi náà ra kẹ̀kẹ́, mo ń gbé oúnjẹ kiri fáwọn tí kò fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ ìwà wọn dáadáa.

Nítorí pé Mọ́mì kì í sí nílé, èmi ni mò ń yẹ ẹsẹ̀ kan tó kù wò báyìí. Mo gbé e lé itan ní Sọ́ńdè tó kọjá, mo tan iná, mo wo àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Kò sí nǹkan kan. Mo ní, “Dádì, ó páàsì.” Kò rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó ti mí, mo wá bi í léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í rí nínú ilé wa.

“Dádì, àdúrà orí òkè yẹn, ṣé ó gbà?”

Ó wò mí, èmi àti jákẹ́ẹ̀tì agbóúnjẹ tí mo wọ̀.

“Rárá,” ló wí. “Gbé bàtà mi wá.”